Ẹyin 25 lójúmọ́ fún ọdún 15: àkọsílẹ̀ bàbá ẹni ọdún 88 kan, àti ohun tó kọ́ wa nípa odidi ẹyin

Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹta ọdún 1991, ìwé àwọn oníṣègùn tó ń jẹ́ New England Journal of Medicine gbé àkọsílẹ̀ kúkúrú kan jáde. Fred Kern, dókítà ìfun àti ẹ̀dọ̀ ní Yunifásítì Colorado ní Denver, ló kọ ọ́. Ẹni tó kọ̀wé nípa rẹ̀ jẹ́ bàbá ẹni ọdún 88 tí wọ́n ń gbé ní ibùgbé àwọn tó ti fẹ̀yìn tì. Bàbá kàwé, ọ̀rọ̀ sì dá ṣáká lẹ́nu wọn. Ìgbàgbé nìkan ló ti mú wọn gan-an. Wọ́n ga ní mítà 1.87, ìwọ̀n ara wọn kì í sì í kúrò láàárín kílò 82 sí 86. Wọn kò fa sìgá rí. Dókítà tó ti ń tọ́jú wọn láti ọdún 15 sẹ́yìn kò rí àìsàn ọkàn tó ní láárí, kò rí rọpárọsẹ̀, kíndìnrín wọn ò sì ní wàhálà. Àròyé tí bàbá ní kò ju pé àárò ìyàwó wọn tó ti kú ń sọ wọ́n.

Oúnjẹ wọn ló gbé wọn dé inú ìwé. Ó kéré tán fún ọdún 15, bàbá ń jẹ ẹyin bíi 25 lójúmọ́. Odidi ẹyin ni o, pupa àti funfun. Wọ́n ń sè é kí pupa rẹ̀ má le, wọ́n sì ń jẹ ẹ́ láti òwúrọ̀ dalẹ́. Gbogbo ẹyin tí wọ́n bá jẹ ni wọ́n ń kọ sílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nítorí ìgbàgbé tó ti mú wọn, èèyàn lè rò pé wọ́n ń bù mọ́ ọn, ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì ibùgbé náà jẹ́rìí sí i: bíi dọ́sìnnì méjì ẹyin ló ń wọlé fún wọn lójoojúmọ́. Wọ́n gbìyànjú láti gba bàbá sílẹ̀ lọ́wọ́ àṣà yìí, kò ṣe é ṣe. Ó ti di irú ohun tí ọkàn ń ti èèyàn ṣe tí kò sì lè jáwọ́ nínú rẹ̀; bàbá fúnra wọn mọ̀ pé ó ń da ayé àwọn rú. Ó yẹ ká fi èyí sọ́kàn, torí ọ̀pọ̀ tó ń tọ́ka sí ìtàn yìí ń sọ ọ́ bíi pé bàbá rí àṣírí ẹ̀mí gígùn kan. Wọn kò rí nǹkan kan. Ìṣòro inú ọpọlọ ló ń mú wọn jẹ ẹyin.

Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ wọn ló ya gbogbo ènìyàn lẹ́nu. Àpapọ̀ kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù wọn, ohun bíi ọ̀rá tó máa ń wà nínú ẹ̀jẹ̀, jẹ́ 200 mg/dL. LDL, èyí tó máa ń wọ inú ògiri iṣan ẹ̀jẹ̀ tó sì ń dí i, jẹ́ 142. HDL, èyí tó ń kó kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù padà sí ẹ̀dọ̀, jẹ́ 45. Àwọn àyẹ̀wò tí wọ́n ti ṣe fún wọn ní àwọn ọdún tó ṣáájú kò kúrò láàárín 150 sí 200 fún àpapọ̀. Iye tí a máa ń rí lára ẹni tí kò jẹ ju ẹyin mẹ́ta lọ́sẹ̀ lọ nìyí.

Ohun tó wà nínú ẹyin 25

Odidi ẹyin ńlá kan, tí a bá ti bó èèpo rẹ̀, wọ̀n tó gíráàmù 50. Ó ní bíi kálórì 72, purotéènì gíráàmù 6.3, àti ọ̀rá tó sún mọ́ gíráàmù 5. Nínú ọ̀rá yẹn, gíráàmù 1.6 péré ni irú ọ̀rá tó máa ń dì gbagidi nígbà tí kò bá sí ooru, irú èyí tó pọ̀ nínú bọ́tà àti lára ẹran. Ìyókù jẹ́ ọ̀rá tó ń ṣàn. Kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù rẹ̀ jẹ́ bíi mílígíráàmù 186, inú pupa sì ni gbogbo rẹ̀ wà. Funfun ò ní rárá. Ṣùgbọ́n pupa yìí náà ló gbé fítámì A àti D, ó gbé B12, ó gbé lútéènì tó ń ṣe ojú lóore, ó sì gbé kólíìnì bíi mílígíráàmù 147 tí ẹ̀dọ̀ àti ọpọlọ ń lò. Ẹni tó bá ń da pupa nù nítorí purotéènì, ó yẹ kó mọ̀ pé ó lé ní ìdá méjì nínú márùn-ún purotéènì ẹyin tó ń bá a lọ sínú àkìtàn.

Ẹ wá sọ ọ́ di ìlọ́po 25. Kálórì yóò jẹ́ 1,800. Purotéènì yóò lé ní gíráàmù 155. Ọ̀rá tó ń dì yóò jẹ́ gíráàmù 40. Kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù yóò lé ní mílígíráàmù 4,600. Ní ọdún 1968, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ọkàn ní Amẹ́ríkà, American Heart Association, ti sọ pé kí ẹnikẹ́ni má jẹ kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù tó mílígíráàmù 300 lójúmọ́, kí pupa ẹyin má sì ju mẹ́ta lọ lọ́sẹ̀. Bàbá tiwa yìí ń jẹ 175 lọ́sẹ̀.

Kálórì 1,800 yẹn tún sọ nǹkan kan tí àwọn èèyàn máa ń fò. Fún ọkùnrin tó ga báyẹn, tó wọ̀n tó báyẹn, tó sì ti dàgbà tó báyẹn, ohun tí ara ń bèèrè lójúmọ́ kò ju ìyẹn lọ púpọ̀. Bàbá kò fi ẹyin kún oúnjẹ, ẹyin ló gba ipò oúnjẹ. Ìdí nìyẹn tí wọn kò fi sanra. Ẹni tó bá jẹ oúnjẹ tirẹ̀ tán tó wá fi ẹyin mẹ́rin díndín lé e kò sí nínú ọ̀rọ̀ tí Kern ń sọ.

Ọ̀nà tí ara gbà kápá rẹ̀

Kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ kì í ṣe ti oúnjẹ ní pàtàkì. Ara ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù fúnra rẹ̀, ẹ̀dọ̀ sì ni aṣáájú nínú iṣẹ́ náà. Nítorí náà, èyí tó bá ti ẹnu wọlé gbọ́dọ̀ kọjá ní ibi mẹ́ta kó tó lè yí iye inú ẹ̀jẹ̀ padà.

Ibi àkọ́kọ́ ni ìfun kékeré. Kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù kì í yòrò sínú omi. Àfi kí òróòro tó ti inú ẹ̀dọ̀ wá bù ú sí wẹ́wẹ́, kó sì wé mọ́ ọn, kó tó lè dé ara ògiri ìfun. Níbẹ̀, purotéènì kan tó ń jẹ́ NPC1L1 ń fà á wọlé. Méjì mìíràn, ABCG5 àti ABCG8, ń tì í padà síta. Agbára àwọn wọ̀nyí yàtọ̀ láti ara ẹnì kan sí èkejì, jíìnì, ìyẹn ohun tí a jogún lọ́dọ̀ òbí, ló sì ń pín in. Nígbà tí Kern ń kọ̀wé, kò tíì sẹ́ni tó mọ iṣẹ́ NPC1L1. Ọdún 2004 ni wọ́n tó rí i. Ṣùgbọ́n ó lè wọn àbájáde rẹ̀. Ó fún bàbá ní kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù tí wọ́n ti sàmì sí, ó wo iye tó jáde nínú ìgbẹ́, ó sì rí i pé ìdá 18 péré nínú ọgọ́rùn-ún ló wọ inú ara. Lára àwọn mìíràn tó fi ṣe àfiwé, tí wọ́n fún ní ẹyin márùn-ún lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì àti díẹ̀, ohun tó wọlé sún mọ́ ìdajì.

Tí a bá fi ìdá 18 yẹn ṣe ìṣirò, ohun tó wọ inú ara bàbá lójúmọ́ jẹ́ bíi mílígíráàmù 840. Ẹni tó bá ń gba ìdajì wọlé yóò ti gbé 2,300. Ìyàtọ̀ náà kò kéré, síbẹ̀ 840 ṣì pọ̀ fún ẹ̀jẹ̀ ènìyàn. Ìfun nìkan kò lè jẹ́ àlàyé.

Ẹ̀dọ̀ ni ibi kejì. Nígbà tí kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ láti inú oúnjẹ, ẹ̀dọ̀ máa ń dín èyí tí òun fúnra rẹ̀ ń ṣe kù. Lára ọ̀pọ̀ ènìyàn, èyí ló ń jẹ́ kí ẹyin kan tàbí méjì kọjá láìsí ariwo.

Ibi kẹta ni òróòro, níbẹ̀ sì ni àkọsílẹ̀ Kern ti dùn jù. Ọ̀nà gbòógì tí ara ní láti lé kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù jáde ni kó sọ ọ́ di òróòro, kó dà á sínú ìfun, kí díẹ̀ nínú rẹ̀ sì bá ìgbẹ́ lọ. Ẹ̀dọ̀ bàbá ń ṣe èròjà òróòro ní ìlọ́po méjì ohun tí Kern rí lára àwọn tó kù. Ohun tó ti ìfun yọ́ wọlé, òróòro ń kó o jáde.

Ohun kan wà tí àwọn tó ń lo oògùn kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù yóò rí níhìn-ín lójú ẹsẹ̀. Ibi mẹ́ta yìí náà ni àwọn oògùn ń bá ṣiṣẹ́. Ezetimibe ń dí NPC1L1 mọ́ ara ìfun. Àwọn statin, tí lovastatin jẹ́ àkọ́kọ́ tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 1987, ń dín kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù tí ẹ̀dọ̀ ń ṣe kù. Cholestyramine ń gbá òróòro mú nínú ìfun kó má baà padà wọlé, ẹ̀dọ̀ á sì fi kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù ṣe òmíràn. Ara bàbá fúnra rẹ̀ ti ṣe fún wọn ohun tí ẹlòmíràn ń fi oògùn wá.

Òdìkejì bàbá yìí ni ehoro. Ní St. Petersburg ní ọdún 1913, Nikolai Anitschkow fún ehoro ní kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù jẹ, iṣan ẹ̀jẹ̀ wọn sì dí. Ibẹ̀ ni ìbẹ̀rù ẹyin ti gbòǹgbò. Iṣẹ́ ńlá ni, a ò gbọdọ̀ fi ṣe yẹ̀yẹ́, torí ó fi hàn pé kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù inú ẹ̀jẹ̀ lè ba iṣan jẹ́, òótọ́ tí kò tíì yí padà. Àmọ́ ewéko ni ehoro ń jẹ, ewéko kò sì ní kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù tó ṣe é kà. Ara rẹ̀ kò ní ìdí láti kọ́ bí wọ́n ṣe ń lé e jáde. Ìdí nìyẹn tí iye inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fi ń fò sókè ju ti ènìyàn lọ fíìfíì lórí oúnjẹ kan náà.

Bí wọ́n ṣe ń ṣi ìtàn yìí lò

Ẹ padà wo 142 yẹn. Ní 1991, wọ́n pè é ní iye tó dára. Lónìí, dókítà kì í fi ọwọ́ bẹ́ẹ̀ gbá a mọ́ra. Ìlànà tí Amẹ́ríkà gbé jáde ní 2001 sọ pé LDL tó bá wà lábẹ́ 100 ló dára jù, 130 sí 159 sì jẹ́ èyí tó ti ń kan ẹnu ààlà. Bàbá wà nínú ẹ̀ka yẹn gan-an. Lójú tiwa, ohun tí àkọsílẹ̀ yìí fi hàn ni pé kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù bàbá kò lọ sókè bó ṣe yẹ kó lọ; kò fi hàn pé ó dára. Ọ̀rọ̀ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni.

Ìkejì, ẹnì kan ṣoṣo ni. Ẹni tó ń jẹ ẹyin báyẹn tó sì ti kú ní ẹni ọdún 55 kò ní dé ibùgbé àwọn àgbà, kò sì sí dókítà tí yóò kọ̀wé nípa rẹ̀. Kern fúnra rẹ̀ mọ èyí: bí ara ṣe ń bá oúnjẹ ṣe ló kọ̀wé lé lórí, kò gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti jẹ ẹyin.

Ìkẹta ni ti sísè, tí a kì í gbọ́ kí ẹnikẹ́ni mẹ́nu bà. Kòkòrò Salmonella Enteritidis lè wọ inú ẹyin kí èèpo tó bo ó, láti ibi tí adìyẹ ti ń ṣe ẹyin nínú. Fífọ èèpo kò lè yọ irú rẹ̀. Ìdíyelé tí àwọn aláṣẹ Amẹ́ríkà ń lò ní àwọn ọdún yẹn ni pé nínú 20,000 ẹyin, ọ̀kan lè ní in. Ẹyin 25 lójúmọ́ fún ọdún 15 lé ní 136,000. Ìyẹn ni pé, ní ìṣirò lásán, bàbá ti lè bá irú ẹyin bẹ́ẹ̀ pàdé nígbà mẹ́fà tàbí méje, nínú ẹyin tí pupa rẹ̀ kò le. Fún ẹni tó ti lé ní ẹni ọdún 70, ìyàgbẹ́ gbuuru tó bá ti Salmonella wá lè gba ẹ̀mí. Ewu tó ṣeé yẹra fún jù lọ nínú gbogbo ìtàn yìí nìyí, ìṣẹ́jú mélòó kan lórí iná ló sì ń yanjú rẹ̀.

Ẹyin ńlá tó ti inú fíríìjì wọ omi tó ń hó: ní ìṣẹ́jú 6, funfun ti dì, pupa ṣì ń ṣàn. Ní 9, pupa ti dì ní etí, àárín rẹ̀ rọ̀. Ní 12, gbogbo rẹ̀ ti le. Àgbàlagbà, aláboyún, ọmọdé àti ẹni tí oògùn tàbí àìsàn ti sọ agbára ìdáàbòbò ara rẹ̀ di kékeré kò yẹ kó dúró ní 6. Inú ẹyin yẹ kó gbóná tó 71°C. Ẹni tó bá jẹ́ kó kọjá 12 dáadáa yóò rí àwọ̀ ewé tó rọ̀gbà yí pupa ká. Irin inú pupa ló pàdé sọ́fúrì tó ti inú funfun jáde. Kò léwu, ó kàn fi hàn pé ẹyin ti pẹ́ jù lórí iná. Ẹyin tí a ti sè kò gbọdọ̀ ju wákàtí méjì lọ níta fíríìjì. Ní ti ẹyin tútù tí àwọn tó ń kọ́ iṣan máa ń gbé mì: funfun tútù ní purotéènì kan tó ń jẹ́ avidin, tó máa ń di fítámì biotin mú kí ara má baà rí i lò. Ooru ló ń ba avidin jẹ́. Yàtọ̀ sí ewu kòkòrò, purotéènì ẹyin tútù kì í wọ inú ara tó ti ẹyin sísè.

Kí ló wá ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn tó kù?

Ní ọdún 2001, àwọn olùwádìí kan kó àyẹ̀wò 17 pọ̀, níbi tí wọ́n ti fún àwọn ènìyàn ní oúnjẹ tí wọ́n wọ̀n. Wọ́n rí i pé mílígíráàmù 100 kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù tí a bá fi kún oúnjẹ ojoojúmọ́ ń gbé àpapọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ sókè pẹ̀lú bíi 2.2 mg/dL. Ẹyin kan lójúmọ́, ìyẹn yóò jẹ́ bíi 4. Tí ìṣirò náà bá ń lọ tààrà, ẹyin bàbá ì bá ti gbé ẹ̀jẹ̀ wọn sókè pẹ̀lú ọgọ́rùn-ún. Kì í lọ tààrà, torí bí oúnjẹ ṣe ń pọ̀ sí i ni ìfun àti ẹ̀dọ̀ ń dènà rẹ̀ sí i. Ṣùgbọ́n 4 yẹn jẹ́ àárín-gbùngbùn lásán. Àwọn kan wà tí ẹyin méjì kò mi rárá. Àwọn mìíràn wà tí LDL wọn á gbé 15 tàbí 20 sókè lórí ẹyin méjì yẹn kan náà. Ojú kò lè dá wọn mọ̀. Sísanra tàbí títínrín kò sì ní kí a mọ̀ wọ́n.

Àwọn ìwádìí tó ń tẹ̀ lé ọ̀pọ̀ ènìyàn fún ọdún púpọ̀ kò fẹnu kò. Ní 2019, ìwé ìṣègùn JAMA gbé ìwádìí kan jáde tó kó 29,615 ènìyàn ní Amẹ́ríkà pọ̀: ìdajì ẹyin lójúmọ́ tí a bá fi kún un bá ìdá 6 nínú ọgọ́rùn-ún àfikún ewu àìsàn ọkàn àti iṣan ẹ̀jẹ̀ rìn. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ìwádìí mìíràn nínú ìwé ìṣègùn BMJ, tó tún wo àwọn ará Amẹ́ríkà fún ọdún púpọ̀, kò rí ewu kankan títí dé ẹyin kan lójúmọ́. Kì í ṣe pé ẹnì kan ń parọ́. Ní orílẹ̀-èdè yẹn, ẹyin kì í dá wá sínú àwo. Ẹran ẹlẹ́dẹ̀ oníyọ̀, bọ́tà àti búrẹ́dì funfun ń bá a rìn, kò sì rọrùn láti fi ìṣirò ya wọ́n sọ́tọ̀.

Àwọn tó ń gbé ìlànà jáde ti rọ ohùn wọn. Ìlànà oúnjẹ ìjọba Amẹ́ríkà ti 2015 yọ ààlà mílígíráàmù 300 kúrò. American Heart Association, tó sọ mẹ́ta lọ́sẹ̀ ní 1968, wá sọ ní 2019 pé ẹni tí ara rẹ̀ dá lè jẹ odidi ẹyin kan lójúmọ́, àti pé àgbàlagbà tí kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù rẹ̀ dára lè jẹ méjì. A fara mọ́ ọn. Ọ̀rá tó ń dì ló yẹ ká kọ́kọ́ mójú tó: ṣíbí oúnjẹ kan bọ́tà ní bíi gíráàmù 7, ẹyin mẹ́rin kò sì ní tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fi ṣíbí bọ́tà méjì din ẹyin méjì, tó wá ní ẹyin ló gbé kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù òun sókè, ẹjọ́ bọ́tà ló dá fún ẹyin.

Ní ti ẹni tó ní àtọ̀gbẹ, ìfura ti wà tipẹ́; ìwádìí kan ní 1999 rí ewu àìsàn ọkàn tó ga sí i láàárín àwọn alátọ̀gbẹ tó ń jẹ ju ẹyin kan lọ lójúmọ́. Lẹ́yìn náà, ní Ọsirélíà, wọ́n pín 140 ènìyàn tó ní àtọ̀gbẹ oríṣi kejì tàbí tó ti fẹ́ ní in sí ọ̀nà méjì: àwọn kan jẹ ẹyin 12 lọ́sẹ̀, àwọn kan kò jẹ tó méjì. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù àwọn méjèèjì kò yàtọ̀. Oṣù mẹ́ta kò lè sọ ohun tí ọdún 20 yóò ṣe. Ní tiwa, kí alátọ̀gbẹ má kọjá ẹyin kan lójúmọ́ láìjẹ́ pé ó ti rí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀.

Bí ẹ ṣe lè mọ irú ara tí ẹ ní

Kern nílò yàrá àyẹ̀wò ńlá láti wọn ìfun bàbá. Ẹ̀yin kò nílò rẹ̀. Àyẹ̀wò ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ méjì tó, tí ẹ bá ṣe é bó ṣe yẹ.

Ẹ kọ́kọ́ fi ọ̀sẹ̀ mẹ́rin jẹun bí ẹ ṣe ń jẹ ẹ́ tẹ́lẹ̀, kí iye ẹyin má yí padà, kí ìwọ̀n ara yín má sì gòkè tàbí sọ̀kalẹ̀ ju kílò kan lọ. Ẹ ṣe àyẹ̀wò: àpapọ̀, LDL, HDL àti triglyceride, irú ọ̀rá mìíràn tó wà nínú ẹ̀jẹ̀. Tí LDL bá ti jẹ́ 190 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ dúró níbẹ̀. Ẹ má fi ẹyin dán ara yín wò. Irú iye bẹ́ẹ̀ lè jẹ́ èyí tí a jogún, tó ń mú nǹkan bí ẹnì kan nínú 250, oògùn ló sì ń gbà.

Lẹ́yìn náà, odidi ẹyin méjì lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Sísè ni kí ẹ sè é. Kí ó rọ́pò nǹkan tó ní kálórì tó tirẹ̀, má ṣe jẹ́ kó jẹ́ àfikún. Gbogbo nǹkan yòókù kò gbọdọ̀ yí padà: eré ìdárayá, ọtí, oògùn, irú epo. Ẹ padà sí yàrá àyẹ̀wò kan náà, ní wákàtí kan náà, tí ẹ bá gbààwẹ̀ oúnjẹ tẹ́lẹ̀ kí ẹ tún gbà á.

Ibi tó máa ń bàjẹ́ sí ni kíkà àbájáde. LDL ẹnì kan náà máa ń yí láti ọjọ́ kan sí èkejì láìjẹ́ pé ó ṣe nǹkan kan; ìdá 7 sí 10 nínú ọgọ́rùn-ún kò jẹ́ tuntun. Ẹni tó kúrò ní 120 bọ́ sí 127 kò tíì mọ nǹkan kan. Ẹni tó bọ́ sí 148 ti mọ̀, síbẹ̀ kó tún un ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì kó tó dájọ́. Ẹni tó fọn kílò mẹ́rin láàárín àkókò náà ti ba àyẹ̀wò jẹ́, torí fífọn nìkan lè gbé LDL sọ̀kalẹ̀ tàbí sókè fún ìgbà díẹ̀. Ibà tàbí àìsàn tó lágbára láàárín oṣù kan tó ṣáájú ń gbé iye náà wálẹ̀ lẹ́tàn. Oyún ń gbé e sókè. Ẹ tún yọ HDL kúrò nínú àpapọ̀ kí ẹ sì wo ohun tó kù, torí triglyceride kì í tètè da iye yẹn rú bíi ti LDL tí wọ́n fi ìṣirò wá. Ti bàbá jẹ́ 155.

Tí iye náà kò bá mì, ẹyin kan sí méjì lójúmọ́ kò ní kí ẹ máa bẹ̀rù, kí ẹ máa ṣe àyẹ̀wò lọ́dọọdún bí ó ti yẹ kí gbogbo ènìyàn máa ṣe. Tí ó bá gòkè ní tòótọ́, kò túmọ̀ sí pé kí ẹ gbé ẹyin jù sílẹ̀. Pupa kan pẹ̀lú funfun mẹ́ta fún yín ní purotéènì gíráàmù 13.5, ó ju ti odidi ẹyin méjì lọ díẹ̀, pẹ̀lú kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù ẹyin kan ṣoṣo. Ẹ fi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà mìíràn jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀, kí ẹ tún wọn ẹ̀jẹ̀. Tí LDL bá padà sí ibi tó wà, pupa ẹyin ló fà á. Tí kò bá padà, kì í ṣe ẹyin. Ẹ ní kí dókítà wo ẹṣẹ́ ọrùn tó ń jẹ́ thyroid, torí tí iṣẹ́ rẹ̀ bá lọ sílẹ̀, LDL máa ń gòkè, ohunkóhun yòówù kí ẹ máa jẹ.